Ohun róbótó tí mo rí lára àrọ̀ mi: kòkòrò ni àbí ìhó omi?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará pọ́ńdù. Júfénàì àrọ̀, ìyẹn ọmọ àrọ̀ tí kò tíì dàgbà, ni mo ń sìn nínú tapólì, ìyẹn pọ́ńdù tí wọ́n fi aṣọ rọ́bà ṣe. Láti ìjẹta ni wọ́n ti ń fi ara ha ìsàlẹ̀ tapólì, wọn ò jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ara àwọn kan sì ti ń funfun bí ẹni pé wọ́n da omi ẹ̀kọ lé wọn lórí. Ẹni tó ń ta oògùn ẹja fún wa wò ó lókèèrè, ó ní "kòkòrò ni", ó sì ta oògùn olómi kan fún mi tí kò sí orúkọ kankan lára ike rẹ̀. Kí n tó dà á sómi, mo yá maikirosíkóòpù lọ́wọ́ àbúrò mi tó jẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì. Mo ha ara ẹja kan, mo wò ó, mo rí àwọn ohun róbótó kan tí etí wọn dúdú kirikiri. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Àwọn kan ní kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Trichodina ni, àwọn kan ní èyí tí wọ́n ń pè ní Ich ni, ẹnì kan ní ẹyin kòkòrò ni. Bọ̀dá kan tiẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé iyọ̀ ní í pa gbogbo wọn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Báwo lẹ̀yin ṣe ń dá wọn mọ̀?

* * *

Mo ti wo fọ́tò yín. Ìhó omi ni, afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì. Ẹ wo etí rẹ̀, ó dúdú, ó sì nípọn, àárín rẹ̀ wá mọ́ gaara láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Inú ohun abẹ̀mí kì í mọ́ tó báyẹn. Ẹ ó rí oúnjẹ tó gbé mì, ẹ ó rí hóró (ohun tó dà bí ọkàn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀) tó wà láàárín rẹ̀, irun wínníwínní etí rẹ̀ á sì máa gbọ̀n fìrìfìrì. Ẹ tún wò ó: ọ̀kan bíńtín, èkejì gbàǹgbà, ìkẹta tún tóbi ju méjèèjì lọ. Trichodina tó wà lára ẹja kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jura wọn lọ báyẹn.

Èyí ò ní ká sọ pé kò sí kòkòrò lára ẹja yín o. Ẹ ò tíì rí i ni. Ẹ tún un wò, fídíò ni kí ẹ sì yà, kì í ṣe fọ́tò, torí ìrìn kòkòrò ló máa ń kọ́kọ́ tú u fó, kí á tó sọ̀rọ̀ ìrísí rẹ̀. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ máa fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì. Tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, á fún un kéré, irun wínníwínní tí à ń wá ló sì máa ń kọ́kọ́ pòórá.

Oògùn aláìlórúkọ yẹn, ẹ gbé e jìnnà sí tapólì náà ná.

* * *

Èrò tó pọ̀ jù lábẹ́ ìbéèrè yìí ni pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹja ò nílò maikirosíkóòpù. Wọ́n ní tí ẹja bá ti ń ha ara, Trichodina ni. Tó bá ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́, kòkòrò ti wọ gílì rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn ohun pupa tó fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó sọ ọ́, àmọ́ mi ò gbà.

Kí á mú ti gígòkè wá gba afẹ́fẹ́. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè gílì tó ya ẹ̀ka yẹ́lẹyẹ̀lẹ, òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ òde. Àrọ̀ tí ara rẹ̀ le koko náà á gòkè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á padà sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi ojú ẹpìyà wo àrọ̀ á máa pe ẹja tó sàn ní aláìsàn. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni èyí tó gòkè tí kò padà, tó nàró sójú omi pẹ̀lú ìrù nísàlẹ̀.

Ti ara híha náà ńkọ́? Ohunkóhun tó bá ti ń ta ẹja lára ló ń mú un ha ara. Amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ìdọ̀tí ẹja jáde, ń ta á, klorínì inú omi ẹ̀rọ ń ta á, kòkòrò náà ń ta á. Gbogbo wọn ló sì ń mú kí ara rẹ̀ funfun, nítorí ohun yíyọ̀ tó fi ń dáàbò bo awọ rẹ̀ ló ń tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ní òun lè dúró sí ẹnu pọ́ńdù kí òun fi ojú lásán ya Trichodina sọ́tọ̀ lára Chilodonella, kòkòrò mìíràn tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀, kó wá bá mi mú ogún àpẹẹrẹ, kó sọ orúkọ wọn kí n tó gbé wọn sábẹ́ lẹ́ńsì.

* * *

Ẹnì kan béèrè bí mo ṣe ń ha á, torí gbogbo ohun tóun rí kò ju ìdọ̀tí lọ.

Ẹja tó wà láàyè ni kí ẹ lò, tàbí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú èyí tó ń ṣàìsàn, kì í ṣe èyí tó yára jù lọ nínú omi. Ẹ fi aṣọ tútù dì í mú. Ẹ mú ẹ̀yìn ọ̀bẹ tàbí etí gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo àpẹẹrẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lẹ́bẹ́ ẹ̀gbẹ́ orí, ẹ fà á lọ sápá ìrù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rọra. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ohun yíyọ̀ tí ẹ nílò kò ju orí ìṣáná lọ. Àwọn tó ń rí "ìdọ̀tí" nìkan, èyí tí wọ́n kó sórí gíláàsì ló nípọn jù, ìmọ́lẹ̀ ò lè là á já.

Ẹ kán omi sí i, ẹ bò ó. Omi inú pọ́ńdù yẹn gan-an ni kí ẹ kán sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní klorínì, kì í sì í ṣe píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá. Mo ti rí kòkòrò tó wú tó sì bẹ́ lójú mi nítorí omi tí kò bá a lára mu. Nígbà tí ẹ bá ń gbé gíláàsì bíbò lé e, ẹ fi etí rẹ̀ kan kọ́kọ́ kan omi náà, kí ẹ wá jẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìhó omi yín yẹn á ṣe dín kù nìyẹn.

Ti gílì, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé orí tíńríntín kan lásán. Ẹ má gé e dé eegun tó gbé e dúró, torí ẹ̀jẹ̀ á bo gbogbo nǹkan.

Lẹ́yìn náà ni ti ìmọ́lẹ̀, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ihò kan wà lábẹ́ pátákó maikirosíkóòpù tí ẹ lè ṣí tàbí kí ẹ pa dé. Ẹ pa á dé díẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí mọ́ bí omi, tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù ẹ ó wò wọ́n kọjá ni. Ìlọ́po 40 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá lọ sí 100, kí ẹ tó lọ sí 400. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 400 á kàn máa wá abẹ́rẹ́ kiri nínú ilé tó ṣókùnkùn.

* * *

Ìyá kan ní kí á fi òróró kànáfùrù kun ẹja lóorun ká tó ha á. Lóòótọ́ ni, díẹ̀ nínú abọ́ omi á mú un rọ̀. Ìyá ẹja tó tó kílò mẹ́ta tó lè fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún yín lọ́wọ́, ó tọ́ sí i. Júfénàì ò tó nǹkan tí à ń kun lóorun, aṣọ tútù ti tó o.

Ẹlòmíì ní òun máa ń kó òkú ẹja sínú yìnyín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní maikirosíkóòpù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń rí kòkòrò fún òun. Wọ́n á rí kòkòrò, mi ò jiyàn. Àmọ́ kòkòrò wo? Tí ẹja bá ti kú, àwọn tó ń gbé lára rẹ̀ á ṣí kúrò lọ wá alààyè, kì í pẹ́ rárá. Àwọn tó ń jẹ òkú á sì wọlé: àwọn onírun kéékèèké tó rí ṣóńṣó lápá kan, tó ń sáré kíjokíjo kọjá ojú lẹ́ńsì. Ẹni tó bá rí wọn lára òkú á ní àwọn ló pa á, bẹ́ẹ̀ ìsìnkú ni wọ́n wá jẹ.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí ìrísí wọn. Ọ̀pọ̀ ló ní kí n to gbogbo wọn lẹ́sẹẹsẹ, mi ò ní tò wọ́n tán. Àwọn tí mo máa ń bá pàdé lára àrọ̀ àti ẹpìyà ni mo máa sọ. Fún ìwọ̀n, 1000 máíkírónì ló wà nínú mìlímítà 1.

*Trichodina.* Tí ẹ bá wò ó látòkè, róbótó ni. Tó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí yín, ó rí bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín 40 sí 100 máíkírónì. Ẹ̀rí rẹ̀ ni òrùka eyín tó wà láàárín rẹ̀: eyín wínníwínní tó tẹ̀, tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn yípo. Ó ń pòyì lójú kan, á yọ̀ lọ síwájú díẹ̀, á tún pòyì. Tí ẹ bá rí i dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní ṣì í mọ̀ mọ́ láyé. Tí ẹ kò bá rí òrùka eyín, ẹ má pe orúkọ Trichodina.

*Ich*, orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Ichthyophthirius multifiliis. Fouquet ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1876. Nínú àwọn onírun tó ń yọ ẹja lẹ́nu, òun ló tóbi jù, èyí tó dàgbà lè tó mìlímítà 1, ojú lásán lè rí i bí àmì funfun tó rí bíńtín lára ẹja. Irun bo gbogbo ara rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri láìkánjú. Nínú rẹ̀, ẹ wá hóró ńlá kan tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Trichodina náà ní hóró tó tẹ̀, nítorí náà ẹ wo méjèèjì pọ̀: oṣù tẹ̀, kò sí òrùka eyín, ó ń yí gbirigbiri, Ich ni. Ìṣòro kan wà: abẹ́ awọ ló ń gbé. Tí ẹ bá ha á fẹ́rẹ́fẹ́, ẹ lè má rí i, ẹ ó sì ní ara ẹja mọ́.

*Chilodonella.* Pẹlẹbẹ ni, bí ewé, ó jẹ wọnú díẹ̀ lápá kan, èyí tó mú un jọ àwòrán ọkàn. Irun rẹ̀ tò ní ìlà ìlà, ẹ ó rí ìlà náà tí ẹ bá pa ìmọ́lẹ̀ dé dáadáa. Kì í pòyì bíi ti Trichodina. Ó máa ń rọra yọ̀ lọ lórí awọ, á wá ṣẹ́rí padà. Hóró rẹ̀ róbótó, kò tẹ̀.

*Costia*, tí àwọn ìwé òde òní ń pè ní Ichthyobodo. Òun ló ń fi ojú ẹlòmíì gbolẹ̀, torí kò ju máíkírónì 10 sí 15 lọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju hóró ẹ̀jẹ̀ ẹja lọ. Ní ìlọ́po 100, ẹ ó kàn rí i pé ibì kan ń mì tìtì láìrí ohun tó ń mì ín. Ẹ lọ sí 400. Ẹ ó rí àwọn kan tó rí bí àmì kọ́mà, tí wọ́n ń ta yẹ́ríyẹ́rí, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ni wọ́n fi ń rìn. Àwọn mìíràn nínú wọn ti fi ẹnu ṣóńṣó kan ara mọ́ awọ, wọn ò rìn mọ́.

*Epistylis.* Agogo kéékèèké lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ lórí ìdí kan. Tí ẹ bá fọwọ́ kan tábìlì, àwọn agogo náà á ṣe ṣùrù. Lára ẹja, ó lè funfun bíi ti Ich, ṣùgbọ́n ó ga sókè ju ti Ich lọ.

Ohun kan ń dà wá láàmú lára àrọ̀ ní pàtàkì: awọ rẹ̀ kún fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó mọ́ roro, tí wọ́n máa ń já bọ́ tí a bá ha á. Wọ́n tóbi, wọ́n róbótó, ẹni tuntun á ní ẹyin ni. Wọn kì í rìn, wọn ò ní irun létí. Ẹ fò wọ́n.

* * *

Àwọn kan lára yín ti ń jà lórí bóyá aràn tí wọ́n rí lára ẹja jẹ́ "Dactylogyrus àbí Gyrodactylus", ọ̀rọ̀ yín gùn ju bó ti yẹ lọ. Aràn pẹlẹbẹ ni méjèèjì, ìkọ́ ló wà nídìí wọn tí wọ́n fi ń dì mọ́ ẹja, wọ́n sì ń nà, wọ́n ń sún kì bíi eṣúṣú. Ẹ má wo ibi tí ẹ ti bá wọn láti fi dá wọn mọ̀. Òtítọ́ ni pé Dactylogyrus ń gbé ní gílì, Gyrodactylus sì fẹ́ràn awọ àti lẹ́bẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣí kúrò.

Orí ni kí ẹ wò. Dactylogyrus ní ojú dúdú mẹ́rin lórí, orí náà là sí mẹ́rin. Gyrodactylus kò lójú, orí rẹ̀ là sí méjì. Ẹ wá wo ikùn. Dactylogyrus ń yé ẹyin. Gyrodactylus kì í yé, ọmọ ló ń bí. Ẹ ó rí ìkọ́ ọmọ náà nínú ikùn ìyá, ìkọ́ nínú ara aràn níbi tí kò yẹ kí ìkọ́ wà. Tí ẹ bá ní sùúrù, ẹ ó rí i pé ọmọ inú náà ti ní ọmọ tirẹ̀ tó ń ṣẹ̀ nínú. Mo fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn kúrò lójú maikirosíkóòpù.

Ohun tí ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ń kà kì í sọ ni pé ẹja kápù ni wọ́n fi kọ ọ́. Lára àrọ̀ tiwa, èyí tí ẹ ó bá ní gílì tó ní ojú tó sì ń yé ẹyin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Quadriacanthus. Ti ẹpìyà sábà máa ń jẹ́ Cichlidogyrus. Èyí tó ń bímọ lára àrọ̀, tó sì tóbi ju Gyrodactylus inú ìwé lọ, Macrogyrodactylus ni: clarii ń gbé ní gílì, congolensis ń gbé lára awọ àti lẹ́bẹ́. Fún àgbẹ̀, kò pọn dandan kí á dé orúkọ ìkẹyìn yẹn. Ó pọn dandan ká mọ̀ bóyá ó ń yé ẹyin tàbí ó ń bímọ. Oògùn tó pa aràn kì í sábà pa ẹyin. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́yin, ẹ ó tún un lò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹyin bá ti pa. Tó bá jẹ́ abímọ, ẹ lè rí àbájáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá sọ pé aràn tí kò tó mìlímítà kan ò lè ṣe nǹkan kan, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Norway. Gyrodactylus salaris dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n kọ́kọ́ rí i ní 1975, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹja sámọ́nì inú ọ̀pọ̀ odò wọn run. Ńṣe ni ìjọba ń da oògùn sínú odindi odò, tí wọ́n ń pa gbogbo ẹja inú rẹ̀ kí aràn náà lè kú.

* * *

Bọ̀dá oníyọ̀, mo padà sọ́dọ̀ yín. Mi ò bá iyọ̀ jà. Èmi náà ń lò ó, ó dín owó, àrọ̀ sì gbà á. Kílò kan nínú 1000 lítà omi jẹ́ gíráàmù 1 lórí lítà. Mo máa ń wà láàárín 1 sí 3, mo sì ń pín in, mi kì í dà á lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí a ti yà síra ni "gbogbo wọn".

Ẹ mú Ich. Nígbà tó wà lábẹ́ awọ, iyọ̀ ò rí i. Tó bá yó, á já bọ́, á fi nǹkan bo ara rẹ̀ nísàlẹ̀, á pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó lè tó ẹgbẹ̀rún, àwọn ọmọ náà á wá bẹ́ sómi láti wá ẹja. Ìgbà yẹn nìkan ni ọwọ́ oògùn ń tó o. Tí àwọn ọmọ náà ò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n kú. Ẹni tó da iyọ̀ sí i lónìí tó sì pààrọ̀ omi lọ́la, àwọn tó wà lábẹ́ awọ ṣì ń dúró dè é. Iyọ̀ ti Ich gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú omi, ìsàlẹ̀ tapólì sì gbọ́dọ̀ máa mọ́ lójoojúmọ́. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá tutù, ìyípo yẹn tún máa ń gùn sí i, ẹ ó fà á gùn bákan náà. Trichodina ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìta ló wà, iyọ̀ á bá a lọ́jọ́ kìíní. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn tó dámọ̀ràn fọ́málínì, kẹ́míkà olómi tó ń pa kòkòrò: ó ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tó wà níta awọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ atẹ́gùn inú omi. Ẹ má lò ó láìsí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán tàbí imú lásán sún mọ́ ọn. Tí ẹ bá rí ohun funfun tó sùn sísàlẹ̀ ìgò rẹ̀, ẹ má lò ó rárá, májèlé tó burú ju fọ́málínì fúnra rẹ̀ lọ fún ẹja ni ohun funfun yẹn.

* * *

"Mo rí Trichodina kan, ẹja mi ti tán!" Rárá o.

Trichodina díẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ẹja tí nǹkan kan ò ṣe. Bakitéríà àti ìdọ̀tí inú omi ló ń jẹ ní pàtàkì, ara ẹja kàn jẹ́ ibi tó gúnwà sí. Tó bá pọ̀ jù ni pípòyì àti eyín rẹ̀ ń dá egbò sílẹ̀. Ní ìlọ́po 100, tí mo bá rí ọ̀kan tàbí méjì níbi tí ojú lẹ́ńsì dé, mo ń yẹ omi wò, mi kì í yẹ oògùn wò. Tí wọ́n bá kún ojú lẹ́ńsì débi tí mi ò fẹ́ máa kà wọ́n, nígbà yẹn la máa ń gbé ìgbésẹ̀. Ich kò ní irú àforíjì bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó kí n bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ti fi fídíò ránṣẹ́, ẹ ṣé gan-an. Ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni mo ti rí i. Ẹ dá a dúró níbi tí èyí tó wà lápá ọ̀tún ti yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ wo òrùka eyín náà. Trichodina ni, wọ́n sì pọ̀. Ẹ ka iye tó wà lójú kan náà, kì í ṣe iye tó kọjá lọ. Ẹnì kan ti ní àwọn kéékèèké tó ń sáré láàárín wọn náà jẹ́ kòkòrò, àmọ́ àwọn yẹn ń wá látinú omi pọ́ńdù tí ẹ kán sí i, ẹ wò ó pé wọn kì í dúró lára awọ.

Ẹ tún sọ pé oúnjẹ ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀ àti pé ẹ ò tíì pààrọ̀ omi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ bíi ìdajì omi, ẹ dín oúnjẹ kù, kí ẹ wá fi iyọ̀ sí i ní gíráàmù 2 lórí lítà. Ẹ tún ha ẹja mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ kò bá mú ìdọ̀tí kúrò, iyọ̀ á pa wọ́n lónìí, àwọn mìíràn á dé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

* * *

Ìbéèrè tó dé gbẹ̀yìn: àrọ̀ ńlá ni, kókó funfun wà ní gílì àti lára ẹ̀yà tó fi ń mí afẹ́fẹ́. Ó tẹ kókó kan fọ́ sórí gíláàsì, ó rí ẹgbàágbèje ohun tó gùn díẹ̀, tí ìrù méjì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò rìn rárá.

Henneguya ni. Ẹ lọ sí 400, ẹ ó rí àpò kékeré méjì lórí rẹ̀ lápá tí kò sí ìrù. Tó bá jẹ́ pé àpò méjì wà láìsí ìrù, tó sì rí bíi ẹyin, Myxobolus ni ẹ ó kọ́kọ́ rò. Èyí ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà pé fọ́tò tó, nítorí kò níbi tó ń lọ.

Kò sí iyọ̀ tó ń pa á, mi ò sì mọ oògùn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ní 1984, Wolf àti Markiw fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ọ̀kan nínú ìdílé yìí tó ń yọ ẹja tráùtì lẹ́nu ń gba inú ekòló kékeré inú ẹrẹ̀ kọjá kó tó lè padà wọ ẹja. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka èyí tó wà nínú ekòló sí. Nítorí náà, ẹrẹ̀ ni kí ẹ bá jà. Ẹ kó àwọn ẹja tó ní kókó kúrò, ẹ ta àwọn tó tó tà, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ pọ́ńdù náà jáde, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn jẹ ibẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tún fa omi sí i. Ẹ má lo ìyá ẹja tó ní i láti mú ọmọ ẹja jáde.

Àwọn tí kò ní maikirosíkóòpù: ẹ̀ka ẹja wà ní FUNAAB, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, NIOMR, ilé ìwádìí ìjọba lórí òkun àti ohun inú rẹ̀, sì wà ní Èkó. Ẹ fi fóònù pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹ fi ẹja mẹ́ta tó ń ṣàìsàn tó ṣì wà láàyè sínú ọ̀rá nípọn, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí omi pọ́ńdù wà, kí afẹ́fẹ́ gba ìyókù, kí ẹ sì bu omi pọ́ńdù mìíràn sínú ike lọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò amóníà. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí oòrùn má bá a lójú ọ̀nà.